Ohun Tí Ó Yẹ Kí Atàpá Kọ́

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ni kí ọ̀dọ́mọkùnrin Agbábù tí ó ti mọ taekwondo, ìjà ìtàpá ilẹ̀ Kòríà, kọ́ kún un? Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn dára, ṣùgbọ́n òun náà ń fẹ́ àyè bí ìtàpá. Ẹsẹ̀ kan ni atàpá fi ń dúró. Bí ọ̀tá bá gbá èkejì mú, ìṣubú dé.

Ọ̀gá nínú ìtàpá àti ẹ̀ṣẹ́ ni Israel Adesanya, tí a bí ní Èkó ní 1989. Síbẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 2021, Jan Błachowicz ará Pólándì gbé e ṣánlẹ̀, ó sì borí rẹ̀. Nítorí náà, ìjàkadì, eré Yorùbá àtijọ́, ni kí ọ̀dọ́ náà kọ́. Ẹni tí kò ṣe é dá ni ó ń tàpá láìbẹ̀rù.