"Oyún Dúró": Iṣẹ́ Họ́móònù Nínú Ilé-Ọlẹ̀

Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: "Ó lóyún" àti "Oyún dúró." Nínú èkíní, obìnrin ni olùwà, nínú èkejì, oyún fúnra rẹ̀ ni. Àwọn tó ń gba ìtọ́jú IVF mọ ìyàtọ̀ yìí ju àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè lọ. Ìtọ́jú náà ti wà nílé wa láti 1989, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ashiru fi bí ọmọ àkọ́kọ́ ní LUTH, l'Ékòó. Láàbù lè so ẹyin àti àtọ̀ pọ̀, kí ọlẹ̀ sì yọ, síbẹ̀ kí oyún má dúró. Nígbà mìíràn ọlẹ̀ ló lábùkù. Nígbà mìíràn, ilé ni kò tíì ṣe tán.

Àwa Èkìtì tó ń pe ilé ní "ulé" kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí "ilé-ọlẹ̀": à ń tún un ṣe kí àlejò tó dé. Estrogen ló ń mú kí awọ inú rẹ̀, èyí tó máa ń bá nǹkan oṣù jáde, nípọn. Obìnrin lè lò ó fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Dókítà á fi scan wọn awọ náà, mìlímítà 7 sókè ni ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́. Progesterone á wá sọ ọ́ di ibi tí ọlẹ̀ lè lẹ̀ mọ́.

Àwọn kan máa ń fi irúgbìn àti ilẹ̀ ṣàpèjúwe rẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Àgbẹ̀ Ìpáò lè gbin iṣu lónìí tàbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ilẹ̀ ò ní bínú. Ilẹ̀kùn ilé-ọlẹ̀ kì í ṣí ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, nǹkan bí ọjọ́ 6 sí 10 lẹ́yìn tí ẹyin bá jáde. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ka ọjọ́ progesterone: ọlẹ̀ ọlọ́jọ́ 5, ọjọ́ kẹfà oògùn ni wọ́n sábà ń gbé e wọlé.

Ibi tí èdè ti lè ṣàkóbá nìyí. Bí a bá sọ fún obìnrin pé "oyún ti dúró", ó lè rò pé oògùn parí. Bó bá sì jẹ́ oògùn nìkan ni wọ́n fi tún ilé ṣe, tí ẹyin kankan kò jáde lóṣù náà, ara rẹ̀ kò ní progesterone tó títí ibi ọmọ á fi gba iṣẹ́ náà, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10. Bó bá dá oògùn dúró ṣáájú, oyún náà lè bàjẹ́.

Bó bá jẹ́ èmi ni nọ́ọ̀sì, "ti" yẹn ni mo máa yọ: "Mọ́mì, oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúró ni o. Ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀ títí dókítà á fi ní ó tó."