Yíyan Ibi Ìpàdé: Ohun tí Mo Kọ́ ní Niamey

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, púpọ̀ nínú wa ni yóò di akọ̀wé ẹgbẹ́ kí a tó di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ìlú tàbí abúlé yòówù tí a bá rán wa lọ, kò ní pẹ́ tí àwọn àgbà ibẹ̀ yóò fi pè wá pé, "Tíṣà, wá bá wa kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀." Láti orí kíkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni a ti ń bọ́ sórí pípe ìpàdé, láti orí pípe ìpàdé ni a sì ti ń bọ́ sórí wíwá ibi tí a ó ti ṣe é. A ti kọ́ wa bí a ti ń kọ lẹ́tà ìkésíni, a sì ti kọ́ wa bí a ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ìpàdé, ṣùgbọ́n n kò tíì bá ẹ̀kọ́ kan pàdé lórí bí a ti ń yan ibi tí àwọn ènìyàn yóò jókòó sí. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ èyí tí mo fi owó ẹgbẹ́ kọ́.

Bàbá mi ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Àwọn ará ìlú wa tí ó wà níbẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan, wọ́n sì ń ṣe ìpàdé ńlá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Nígbà tí mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ bàbá mi ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí n wá ibi tí wọn yóò ti ṣe ti ọdún náà, nítorí pé mo mọ ìwé. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ti ń sún síwájú láti ọdún mélòó kan, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni. Ọmọ tí a bí sí Niamey ń gbọ́ Zarma lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ Haúsá lọ́jà, ó ń gbọ́ Faransé ní ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà rẹ̀ bá ti ilé wá, ògbufọ̀ ni a ó wá kí àwọn méjèèjì tó lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ fẹ́ pinnu bóyá àwọn yóò gba olùkọ́ kan tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní ọjọọjọ́ Àìkú, àti iye tí ilé kọ̀ọ̀kan yóò máa dá.

Orí ilé ni mo ti bẹ̀rẹ̀, àṣìṣe mi sì nìyẹn. Mo rìn káàkiri, mo ń wo àwọn gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì, mo sì yan ọ̀kan tí ó dùn ún wò: kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, àwọn àga sì tò lẹ́sẹẹsẹ bí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Wákàtí-wákàtí ni wọ́n ń gba owó rẹ̀. Mo san ti wákàtí mẹ́ta. Inú mi dùn pé ẹgbẹ́ wa yóò níyì ní ilẹ̀ àjèjì.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà ń fi èdè Faransé bi olúkúlùkù ní ohun tí ó bá wá. Àwọn ìyá wa tí ó ń tajà ní ọjà Wadata ti se oúnjẹ wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. A ní kí wọ́n gbé e dúró níta. Wọn kò gba kí àwọn ọmọdé wọ inú ilé náà, nítorí náà àwọn ìyá kan bá àwọn ọmọ wọn padà sílé. Àwọn tí ó wọlé jókòó, olúkúlùkù ń wo ìpàkọ́ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dìde rìn lọ síwájú níbi tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà. Èwo nínú àwọn ìyá wa ni yóò rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn? Ọkùnrin mẹ́rin ni ó gba nǹkan bí wákàtí méjì àbọ̀ mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́. Èmi ni mo kọ ètò ìpàdé, mo sì fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ sí ìparí kí a lè fi ohun dídùn kádìí rẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kàn án ni olùtọ́jú gbọ̀ngàn wọlé tí ó ní àwọn mìíràn ti ń dúró dè wá. A kí ara wa, a sì túká. Bàbá mi kò bá mi wí. Wọ́n kàn ṣírò fún mi ní alẹ́ ọjọ́ náà pé owó tí a san fún wákàtí mẹ́ta náà ì bá tó owó olùkọ́ fún oṣù méjì.

Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ọ̀nà dí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023 àwọn ológun gba ìjọba ní Niger; àwọn kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú wọn, sì ti ẹnubodè mọ́ ọn. Ní oṣù Kẹjọ, Nàìjíríà dá iná mànàmáná tí ó ń fún Niger dúró. Ó di oṣù Kẹta ọdún 2024 kí ẹnubodè Nàìjíríà àti Niger tó ṣí padà. Kò sí ìpàdé ńlá ní ọdún náà, àwọn ọmọ tí à bá sì rán lọ sílé fún ìsinmi kò lè lọ. Láàárín àkókò yẹn ni ìyá bàbá mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n ní kí a bá àwọn pe àwọn àbúrò mi méjèèjì tí a bí sí Niamey lórí fóònù. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn nílé, mo di fóònù mú. Bàbá mi jókòó ti àwọn ọmọ lọ́hùn-ún, wọ́n ń túmọ̀ àdúrà ìyá tiwọn sí èdè Faransé, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ìyá náà kò rí ọ̀sẹ̀ kejì.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn ìpàdé tí a ti ṣe ní Niamey, nítorí ó jọ mí lójú pé ìlú tí ó ti gba àlejò tó bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó lè fi hàn mí ibi tí mo ti ṣìnà.

Ìpàdé tí ó kọ́ mi jù ni èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1991. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1990, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ó wà ní ìhà ọ̀tún odò jáde láti fi ẹ̀hónú hàn. Orí afárá Kennedy ni àwọn agbófinró ti yìnbọn sí wọn, àwọn kan sì kú. Ikú wọn wà lára ohun tí ó mú kí gbogbo orílẹ̀-èdè náà béèrè pé kí a jókòó sọ̀rọ̀. Ibo ni irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ yóò ti wáyé? Palais des Congrès wà lẹ́bàá odò náà, ilé tí a kọ́ fún ìpàdé ni. Ṣùgbọ́n ilé eré ìdárayá ni àpérò náà ti wáyé, gbọ̀ngàn gbàgede tí ìjókòó yí ká, tí àwọn ènìyàn ti máa ń wo eré. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, ó parí ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ 98 gbáko. Àwọn aṣojú lé ní 1,000: òṣèlú, òṣìṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́, àgbẹ̀, ológun. André Salifou, olùkọ́ ìtàn ní yunifásítì, ni ó ṣe alága. Rédíò gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Bàbá mi ní àwọn oníṣọ̀ọ̀bù kò pa rédíò ní gbogbo àkókò náà, àti pé oníbàárà lè dúró ti ọjà tí ó fẹ́ rà fún ìdajì wákàtí nítorí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Títí di òní, orúkọ ọjọ́ tí àpérò náà bẹ̀rẹ̀ ni ilé náà ń jẹ́, Palais du 29 Juillet. Ilé tí ó gba ènìyàn púpọ̀, tí wọ́n lè rí ojú ara wọn, ni irú ọ̀rọ̀ yẹn ń fẹ́, wọ́n sì rí i ní ibi eré.

Mo tún ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ ni ó máa ń yan ìlú. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1963, orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án tí omi Odò Ọya kàn, Nàìjíríà pẹ̀lú wọn, fọwọ́ sí Àdéhùn Niamey lórí bí wọn yóò ṣe máa jọ lo omi náà. Ìlú tí odò náà là kọjá ni wọ́n lọ; ẹni tí ó bá ń jiyàn nípa omi lè yọjú wò ó. Bákan náà, láti ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 1978, UNESCO pe àwọn onímọ̀ èdè jọ sí Niamey kí wọ́n lè wá bí a ó ti máa kọ àwọn èdè Áfíríkà sílẹ̀ ní ìlànà tí ó bára mu. Haúsá, Zarma, Fúlàní, Kànúrí àti Tamasheq ni a ń sọ ní Niger, kò sì sí èyí tí ẹnubodè kò là sí méjì nínú wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà: ẹ ránti pé Yorùbá tí àwa ń fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà kọ ní Nàìjíríà, ɛ àti ɔ ni àwọn ará Benin fi ń kọ ọ́.

Ní ti àwọn ìpàdé àwọn olórí ìjọba, ibùsùn ni a ń wá ṣáájú àga. Kí Niamey tó gba Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà lálejò ní oṣù Keje ọdún 2019, níbi tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, pápá ọkọ̀ òfuurufú tuntun àti hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń kọ́ tọ̀sán-tòru. Gbọ̀ngàn Mahatma Gandhi tí orílẹ̀-èdè Íńdíà ràn wọ́n lọ́wọ́ kọ́, oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020 ni wọ́n ṣí i. Èyí kò kan ẹgbẹ́ bí tiwa, nítorí ilé ara wa ni àwa ń sùn.

Ohun tí ó kàn wá ni oòrùn àti omi. Láti oṣù Kẹta títí di oṣù Karùn-ún, ooru Niamey a máa kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n, ẹni tí ó bá pe ìpàdé ìta gbangba ní ọ̀sán ìgbà náà fẹ́ kí wọ́n gbé àwọn àgbà lọ sí ilé ìwòsàn ni. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, òjò ni. Odò Ọya sì ń kún lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀, ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: ó ń kún pẹ̀lú omi pupa ní àsìkò òjò, ó tún ń kún ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí omi tí ó ti ilẹ̀ Guinea wá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 2020 omi pupa náà bo àwọn àdúgbò ìhà ọ̀tún. Nítorí náà kí á wo ìhà odò tí àwọn ènìyàn wa ń gbé kí á tó wo ilé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 àwọn àgbà tún pè mí. Lọ́tẹ̀ yìí mo mú ìwé, mo lọ láti ilé dé ilé, mo ń bi wọ́n ní iye àwọn tí yóò wá, ibi tí wọ́n ń gbé, àti àkókò tí ọwọ́ wọn ń dilẹ̀. Àwọn tí ó ń gbé ìtòsí Wadata ju ìdajì lọ. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ni ó rọ gbogbo wọn lọ́rùn. Àwọn onígbàgbọ́ ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, oòrùn sì ti rọ̀. Alàgbà kan ní àgbàlá ńlá kan tí igi dóńgóyárò mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ẹní àti àga ni a yá. A tò wọ́n yípo, a ta àtíbàbà kan fún àwọn àgbà. Mo fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ṣe àkọ́kọ́.

N kò ní pa irọ́ pé ohun gbogbo lọ déédéé. Àwọn alùpùpù ń dún lójú títì, àga kò tó, àgùntàn kan sì jẹ etí ìwé àkọsílẹ̀ mi. Bí a ti ń ṣe iyàn lórí owó ni ìyá kan tí ó ń ta aṣọ sọ̀rọ̀ láti orí ẹní tí wọ́n jókòó sí, láìdìde. Wọ́n pe ọmọkùnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí ó ń ṣeré nídìí igi, wọ́n ní kí ó wá kí àgbà ẹgbẹ́. Ọmọ náà sáré wá, ó na ọwọ́ sí bàbá arúgbó náà tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní, "Fofo!" Bí ọmọ Zarma ti ń kí ni nù un. Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá náà gba ọwọ́ ọmọ náà, wọ́n mú un dání, wọn kò sọ nǹkan kan, ẹ̀rín náà sì kú. Bàbá mi ni ó kọ́kọ́ dìde láti sọ iye tí ilé wa yóò máa san. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti kọ orúkọ ilé 23 sílẹ̀.

Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2025, abẹ́ igi kan náà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ, pátákó sì fara ti ògiri. Bàbá mi ti kọ̀wé sí mi pé àwọn ẹgbẹ́ tún fẹ́ kí n bá wọn wá ibi ìpàdé ọdún yìí, àti pé ẹnì kan ti ń dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì nítorí pé àga kò tó ní èṣí. Mo ti fèsì pé kí wọ́n kọ́kọ́ ka iye àwọn tí ń bọ̀ fún mi, kí wọ́n má sì gbàgbé àwọn ọmọ nínú iye náà.