Kí Ni À Ń Retí Lọ́wọ́ Ẹni Tí A Ó Dìbò Fún?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí yóò bi olúkúlùkù léèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, bí ìdìbò gbogbogbòò bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a máa ń gbọ́ ní Rẹ́mọ, láti Ṣágámù títí dé Ìkẹ́nnẹ́: “Ọmọ wa ni”, “Mùsùlùmí ni”, àti “Èló ni yóò fún wa?” Ẹ jẹ́ kí á gbé wọn lé orí ìwọ̀n.

Èkínní, “Ọmọ wa ni.” Ní ọdún 1979, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, du ipò ààrẹ. Ẹgbẹ́ rẹ̀, UPN, ṣe ìlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ìwòsàn ọ̀fẹ́. Àwọn èèyàn sì ti rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún 1955. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ tí a lè fi wọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ wa kò bá ní iṣẹ́ kankan láti fi hàn ńkọ́? Súúrà An-Nisai, aayah 135, pa wá láṣẹ kí á jẹ́rìí òdodo, ìbáà tako àwa fúnra wa, òbí wa tàbí ẹbí wa. Àwọn onímọ̀ kan sì là á yé wa pé ìjẹ́rìí ni ìbò: ẹni tí a tẹ̀ka fún, a ti jẹ́rìí pé ó yẹ.

Èkejì, “Mùsùlùmí ni.” Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 1993, Mùsùlùmí ni Olóyè M.K.O. Abíọ́lá àti igbákejì rẹ̀, Babagana Kingibe. Mùsùlùmí sì ni alátakò rẹ̀, Bashir Tofa. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì dìbò fún Abíọ́lá, ó sì borí Tofa ní Kano, ìpínlẹ̀ Tofa gan-an. Súúrà Al-Qasas, aayah 26, fi yé wa pé ẹni tí ó dára jù láti gbà síṣẹ́ ni alágbára tí ó ṣe é fọkàn tán. Méjèèjì ni a ó máa wò: ẹni tí ó lè ṣe é, tí kò sì níí jalè.

Ẹ̀kẹta, “Èló?” Èyí ni ó wúwo jù. Ní Èkìtì, ní ọdún 2018, “dìbò kóo sebẹ̀” di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo èèyàn. Bukhari àti Muslim gbà á wá pé Ànábì ka ẹnìkan mọ́ àwọn mẹ́ta tí Ọlọ́hun kò níí bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àlùkìyámà: ẹni tí ó bá aṣáájú ṣe àdéhùn nítorí ohun ayé nìkan, bí ó bá rí i gbà, a mú àdéhùn ṣẹ, bí kò bá rí i gbà, a kẹ̀yìn sí i.

A kò fi ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún ebi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá fún wa ní ₦5,000, tí a pín in sí ọjọ́ 1,461 tí ó wà nínú ọdún mẹ́rin, kò tó náírà mẹ́rin lójúmọ́. Kí ni náírà mẹ́rin ń rà ní ọjà Ṣágámù? Ẹni tí ó sì ti gba owó ọjà rẹ̀ tán, ẹnu wo ni yóò fi béèrè oògùn ní ilé ìwòsàn?

Kí ni ó yẹ kí á retí, nígbà náà? Kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń bi ní ohun tí à ń béèrè. Ní ọjọ́ 25, oṣù kejì, ọdún 2023, ìbò mẹ́ta ni a dì lọ́jọ́ kan: ti ààrẹ, ti sẹ́nétọ̀ Ìlà-Oòrùn Ògùn, àti ti aṣojú Ìkẹ́nnẹ́, Ṣágámù àti Àríwá Rẹ́mọ ní Àbújá. Iṣẹ́ àwọn méjì ìkẹyìn ni òfin ṣíṣe àti ṣíṣọ́ owó ìlú. Gọ́tà àdúgbò, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni.

Ẹ má sì jókòó sílé. Lọ́dún 2023 yìí kan náà, ó lé ní mílíọ̀nù 93 ènìyàn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé. Ìbò tí a dì kò pé mílíọ̀nù 25. Ẹni tí ó bá fi ìjẹ́rìí pamọ́ ti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: kí olúkúlùkù kọ ohun mẹ́ta tí ó ń retí sílẹ̀, kí ó sì kọ iṣẹ́ tí olùdíje kọ̀ọ̀kan ti ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ mú un wá sí ìpàdé.

Kí Ọlọ́hun fi wá sí ara àwọn olùjẹ́rìí òdodo. Àmín.