Ìdò Lẹ́yìn Balùwẹ̀: Òdòdó Tí Kì í Bá Wa Du Omi Mímu

Ìwé ìmọ̀ràn fún àwọn tó ń gbin nǹkan sí àyíká ilé ní Basin àti agbègbè rẹ̀, Ìlọrin

Ẹni tó bá fẹ́ gbin òdòdó sí àgbàlá rẹ̀ ní Basin, ọ̀rọ̀ omi ni yóò kọ́kọ́ yanjú. Láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, òjò ń bá wa ṣe é. Bí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé, òjò á dá, ọyẹ́ á dé, omi kànga á fà, àwọn mẹ́ruwà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti kẹ̀kẹ́ omi wọn láti ojúlé dé ojúlé. Ta ni yóò ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà tán, tí yóò tún wá dà á sí ìdí òdòdó? Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òdòdó tí a rà lẹ́bàá títì nígbà òjò fi ń gbẹ kí ọdún tó yí po.

Lóòótọ́, Ìlọrin ni Lower Niger River Basin Development Authority fi ṣe ibùjókòó, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó omi ọ̀gbìn ní Kwara àti Kogi. Ṣùgbọ́n omi ìsédò àti omi oko ńlá ni ti àjọ. Omi tó ń ṣàn jáde lẹ́yìn balùwẹ̀, ọwọ́ onílé ló wà, òun sì ni ìwé yìí dá lé lórí. Agboolé ènìyàn márùn-ún, bí kálukú bá fi garawa omi kan wẹ̀ lójúmọ́, garawa márùn-ún ni wọ́n ti dà nù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ẹ̀yìn ògiri ni omi náà ń dúró sí. Á di ẹrẹ̀, á máa rùn, ẹ̀fọn á sì máa yé sí i. Ìmọ̀ràn wa kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ gbin ìdò síbẹ̀.

Irú òdòdó wo ni ìdò?

Ìdò ni àwọn tó ń ta òdòdó ń pè ní kánà. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Canna indica. Apá ibi tó móoru nílẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, àmọ́ ó ti bá ilẹ̀ wa mu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń hù fúnra rẹ̀ létí omi àti lẹ́yìn ilé àtijọ́. Ìbátan ni òun, jínjà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ̀lẹ́bí ewéko wọn yàtọ̀ síra. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń dán. Iṣu tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń yọ ẹ̀ka lábẹ́ ilẹ̀ bí ti jínjà gẹ́lẹ́. Iṣu yìí ló ń jẹ́ kí ó wà láti ọdún dé ọdún. Bí ewé òkè tilẹ̀ gbẹ tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iṣu á máa sùn nínú ilẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi jí i.

Àwọ̀ rẹ̀ pọ̀. Òmíràn pupa fòò, òmíràn ní àwọ̀ ọsàn, òmíràn jẹ́ yẹ́lò tí a fi pupa tò ní tótòtó. Ewé àwọn kan tutù yọ̀yọ̀, ewé àwọn mìíràn dúdú mọ́ pupa, débi pé kí wọ́n tó tanná pàápàá, wọ́n ti dára lójú. Kúkúrú wọn kì í ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Gíga wọn lè ju ènìyàn lọ. Ẹ gbin èyí tó ga sẹ́yìn, kí ẹ fi kúkúrú síwájú.

Kí ló dé tí a fi yan ìdò fún omi ìwẹ̀?

Bí omi bá dúró sí ìdí ọ̀pọ̀ òdòdó, gbòǹgbò wọn á jẹrà. Ìdò kì í bẹ̀rù ẹrẹ̀. Nǹkan tó ń mú omi ìdọ̀tí rùn wà lára ohun tí ìdò ń jẹ: gbòǹgbò rẹ̀ ń fa náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú omi náà, ó sì ń gbé afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọ inú ẹrẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń rọ̀ mọ́ gbòǹgbò á wá fi afẹ́fẹ́ yìí ṣe agbára láti jẹ ìdọ̀tí tó kù.

Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ti ń lo ọgbọ́n yìí. Ní erékùṣù Phi Phi ní Thailand, lẹ́yìn tí omíyalé òkun oṣù Kejìlá ọdún 2004 ba ìlú náà jẹ́, wọ́n kọ́ ọgbà kan tí ń sẹ́ omi ìdọ̀tí, ìdò sì wà lára òdòdó tí wọ́n gbìn sínú rẹ̀. Ibi tí omi ẹ̀gbin ń gbà kọjá wá di ibi tí àlejò ń dúró wò.

Ẹ jẹ́ kó yé wa o: omi tó gba ìdí ìdò kọjá kò tíì di omi mímu, kò sì yẹ kí a bu ú wọ́n ẹ̀fọ́ tí a máa jẹ ní tútù.

Àyè tí ẹ ó gbìn ín sí

Ẹ wo ẹ̀yìn balùwẹ̀ yín dáadáa kí ẹ tó gbé ọkọ́.

Oòrùn gbọ́dọ̀ máa dé ibẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Ìdò abẹ́ ibòji á pọ̀ ní ewé, á ṣọ̀wọ́n ní òdòdó.

Ẹ jìnnà sí kànga. Ó yẹ kí ó tó ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà láàárín ibi tí omi ìwẹ̀ ń wọlẹ̀ sí àti kànga yín tàbí ti aládùúgbò. Bí àyè ilé yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ má darí omi síbẹ̀. Ẹ gbin ìdò yín lásán kí ẹ máa fi òjò tọ́jú rẹ̀.

Ẹ fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sílẹ̀ láàárín òdòdó àti ìpìlẹ̀ ilé, kí omi má baà jẹ ògiri lẹ́sẹ̀.

Omi balùwẹ̀ nìkan la ń wí. Omi ilé ìgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Bí a ṣe ń gbìn ín

1. Ẹ wá iṣu. Ẹni tó ti ní ìdò nílé kì í ṣahun rẹ̀, torí ọdọọdún ló ń pọ̀ sí i. Ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ gé iṣu náà sí wẹ́wẹ́, kí ègé kọ̀ọ̀kan ní èéhù méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ fi eérú pa ojú ibi tí ẹ gé, kí ẹ sì tẹ́ ẹ síbi ibòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ojú ọgbẹ́ lè gbẹ.

2. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀. Kòtò gígùn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, fífẹ̀ mẹ́ta, jíjìn ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ tó fún ilé kékeré. Ilẹ̀ wa ní yangí púpọ̀. Bí ẹ bá kan yangí, ẹ fi díga fọ́ ọ, kí gbòǹgbò lè rí ọ̀nà lọ. Ẹ ṣe é kí ilẹ̀ kòtò dagun díẹ̀ láti ẹnu páìpù lọ sí òpin.

3. Ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé, kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ ta àwọ̀n ẹ̀fọn àlòkù lé e kí ó máa gba irun àti àjákù ọṣẹ. Ẹ máa ṣí àwọ̀n yìí fọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

4. Ẹ po ilẹ̀ tí ẹ gbẹ́ pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù tàbí ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa, kí ilẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta, kí ìgbẹ́ jẹ́ ìdá kan. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó iṣu. Ẹ jẹ́ kó tó oṣù méjì ó kéré tán kí ẹ tó lò ó. Ẹ da ilẹ̀ padà títí kòtò yóò fi kún dé etí. A kò fẹ́ adágún, nítorí adágún ni ẹ̀fọn ń wá. Abẹ́ ilẹ̀ ni kí omi máa gbà.

5. Ẹ ri ègé iṣu mọ́lẹ̀ ní jíjìn ìka mẹ́rin, kí èéhù rẹ̀ kọjú sókè. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sí méjì sáàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀.

6. Omi òjò tàbí omi mímọ́ ni kí ẹ fi bọ́ ọ fún oṣù kan àkọ́kọ́. Ìgbà tí ewé bá tó mẹ́ta sí mẹ́rin ni kí ẹ tó ṣí ọ̀nà omi ìwẹ̀ sí i. Tí ẹ bá gbìn ín ní ìparí oṣù Kẹrin, ó yẹ kí ẹ máa rí òdòdó kí oṣù Keje tó parí.

Ẹni tí kò rí iṣu lè gbin hóró

Hóró ìdò dúdú, ó yíkà, ó sì le bí ọta. Ní Zimbabwe, òun ni wọ́n ń rọ sínú akèrègbè tí wọ́n ń mì sí orin mbira. Líle yìí ń dáàbò bo ẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀: ní Argentina, àwọn awalẹ̀pìtàn rí hóró kan nínú ohun èlò orin tó ti wà fún nǹkan bí 600 ọdún, wọ́n gbìn ín, ó sì hù.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kàn jù ú sílẹ̀, ó lè pẹ́ gan-an kí omi tó ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹ fi fáìlì tàbí sáńdípépà ha ẹ̀gbẹ́ kan títí ẹ ó fi rí funfun inú rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá gbìn ín sínú náílọ́ọ̀nù. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, á yọjú. Ẹ fi sọ́kàn pé ọmọ hóró lè má jọ ìyá rẹ̀ ní àwọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pupa kan pàtó, iṣu ni kó wá.

Ìtọ́jú

Igi ìdò kan, ẹ̀ẹ̀kan ló ń tanná. Bí orí rẹ̀ bá ti tan gbogbo òdòdó rẹ̀ tán, ẹ gé e kanlẹ̀, bí a ṣe ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti bẹ́ ìdì rẹ̀, kí àwọn ọmọ ìdí rẹ̀ lè rí oúnjẹ jẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í ṣe nìyí: wọ́n á jẹ́ kí igi àgbà dúró, wọ́n á wá máa sọ pé òdòdó àwọn ti rẹ̀.

Ìdí tó ń mu omi ìwẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ajílẹ̀ mìíràn. Èyí tó jìnnà sí omi ìwẹ̀, ẹ bu ìgbẹ́ jíjẹrà sí i nígbà òjò àkọ́rọ̀ àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù Keje. Ẹni tó bá fẹ́ lo NPK 15:15:15, ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan tó fún ìdí kan, kó sì jìnnà sí igi rẹ̀ díẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fi Hypo tàbí Izal fọ balùwẹ̀, ẹ dí ọ̀nà omi náà kí ẹ gbé e gba ibòmíràn, torí ohun tó ń pa kòkòrò ilé ń pa kòkòrò ilẹ̀ náà. Bí ẹ bá rí i pé ojú ilẹ̀ ń funfun lóṣù Kejì tàbí Kẹta, iyọ̀ ọṣẹ ló ń kó jọ. Ẹ da garawa omi mímọ́ méjì tàbí mẹ́ta sí i. Òjò yóò fọ ìyókù lọ.

Àwọn ọ̀tá rẹ̀

*Ewúrẹ́ àti àgùntàn.* Ẹran ìgboro fẹ́ràn ewé ìdò. Ẹ ṣọgbà yí i ká kí ẹ tó gbìn ín. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí wọ́n bá jẹ ẹ́, ẹ ti pẹ́.

*Tata àti ìgbín.* Ẹ fọwọ́ ṣà wọ́n láàárọ̀ kùtù, nígbà tí ara tata ṣì wúwo.

*Kòkòrò tí ń ká ewé.* Ewé tí kò bá là tán, tó wé mọ́ra, ẹ tú u wò. Kòkòrò tí ẹ bá bá níbẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

*Àrùn ìdógùn-ún.* Ẹ̀yìn ewé á ní àmì tótòtó tó pọ́n bí irin dídógùn-ún. Ẹ gé ewé náà, ẹ sun ún, ẹ sì ṣí àyè sáàárín igi kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́.

*Àrùn fáírọ́ọ̀sì.* Ewé á máa ní ìlà yẹ́lò tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan rẹ̀, igi á ràn, òdòdó á kéré. Kò sí oògùn fún èyí. Ẹ hú gbogbo ìdí náà, ẹ sun ún, kí ẹ sì fọ ọ̀bẹ pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó fi gé òmíràn. Ẹ má ṣe gba iṣu lára ìdí tó bá ní irú àmì bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí òdòdó rẹ̀ wuyì tó.

Iṣẹ́ oṣooṣù

Oṣù Kejì sí Kẹta: ẹ tú ìdí tó ti pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ẹ pín in. Ẹ gbẹ́ kòtò tuntun.

Oṣù Kẹrin sí Kẹfà: ẹ gbìn, nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Oṣù Keje sí Kẹwàá: òdòdó ń tan. Ẹ máa gé igi tó ti tanná tán, ẹ máa ṣọ́ àrùn ìdógùn-ún.

Oṣù Kọkànlá: ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ nípọn.

Oṣù Kejìlá sí Kìn-ín-ní: ọyẹ́ á jó etí ewé. Ẹ gé ibi tó gbẹ, ẹ jẹ́ kí omi ìwẹ̀ máa lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ìdí tí kò rí omi á kú lókè. Ẹ má hú u, ó ń sùn ni.

Ìkìlọ̀ àti èrè

Ní Peru, wọ́n ń sè iṣu ìdò jẹ; ní Vietnam, wọ́n ń fi sítáàṣì rẹ̀ ṣe núdù. Iṣu tó mu omi ìwẹ̀ kò sí lára èyí tí a lè jẹ. Ẹ sọ fún àwọn ọmọdé.

Ẹ má ju àjákù iṣu sí gọ́tà tàbí etí odò. Yóò hù níbẹ̀, yóò dí ọ̀nà omi, yóò sì lé koríko ìbílẹ̀. Ó ti di ìyọnu ní South Africa àti ní àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì. Ẹ sá a sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ, kí ẹ tó da á sí ààtàn.

Ègé tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín lẹ́yìn pípín, ẹ gbìn ín sínú náílọ́ọ̀nù ní oṣù Kẹta. Nígbà tí òjò bá wọlé, tí àwọn onílé tuntun bá ń wá òdòdó, tiyín á ti tó tà. Ẹ tà á pẹ̀lú òdòdó lórí, kí ẹni tó ń rà á mọ àwọ̀ tó ń gbé lọ.

Ẹni tí ìdò rẹ̀ bá ṣàìsàn tí kò mọ ohun tó ń ṣe é, kó mú ewé náà lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn Kwara ADP tàbí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin. NIHORT ní Ìbàdàn, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1975 fún ìwádìí lórí ẹ̀fọ́, èso àti òdòdó, tún wà fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu páìpù: bí òkúta bá ti dí tàbí ẹnìkan bá ti da Hypo síbẹ̀, ibẹ̀ ni àìsàn náà ti wá.