Nígbà Tí Gálásì Méjì Bá Pàdé

Àwọn kan ń sọ ọ́ kiri pé gálásì kan ń bọ̀ wá kọlu tiwa, ayé á sì parẹ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àbùmọ́ sì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Gálásì ni ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀, gáàsì àti eruku tí agbára òòfà kó jọ síbì kan. Tiwa ni Milky Way. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, apá rẹ̀ sì lọ́ yípo bí ìkarahun ìgbín. Oòrùn wa kàn jẹ́ ìràwọ̀ kan nínú rẹ̀ ni. Andromeda ni aládùúgbò wa ńlá, òun náà lọ́ bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rin ìrìn ọdún mílíọ̀nù 2.5 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ń sún mọ́ wa ní nǹkan bíi kìlómítà 110 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti ti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn!

Ṣé àwọn ìràwọ̀ á wá forí gbárí? Ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ká ní Oòrùn jẹ́ ọsàn kan ní Ṣakí, ìràwọ̀ tó sún mọ́ ọn jù á wà ní nǹkan bíi Freetown, ní Sierra Leone. Bí agbo lékeléke méjì bá pàdé lófuurufú, àárín ara wọn ni wọ́n á gbà kọjá. Gáàsì ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun dà bí èéfín iná ìgbẹ́ méjì: tí wọ́n bá pàdé, wọ́n á dàpọ̀, wọ́n á ki. Gáàsì tó ki yìí ló ń di ìràwọ̀ tuntun. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nínú gálásì méjì tí wọ́n ń pè ní Antennae, tí William Herschel rí ní 1785. Òòfà ti fa ìràwọ̀ wọn jáde bí ìrù gígùn méjì.

Ìgbà wo wá ni tiwa? Ní 2012, àwọn onímọ̀ tó lo awò awọ̀nàjíjìn Hubble ní yóò ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 4 sí i. Ní 2025, àwọn mìíràn tún un ṣírò, wọ́n fi òòfà àwọn gálásì kéékèèké tó wà nítòsí kún un. Wọ́n ní ó lè ṣẹlẹ̀, ó lè má ṣẹlẹ̀, ìdajì sí ìdajì, láàrin ọdún bílíọ̀nù 10. Àwọn ti ìṣáájú kò purọ́ o. Òṣùwọ̀n tó péye sí i ló dé.

Kó tó dìgbà yẹn pàápàá, Oòrùn fúnra rẹ̀ á ti gbóná débi pé òkun á gbẹ. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Andromeda dẹ́rù bà yín.

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Ní ìparí oṣù Kọkànlá, kí eruku ọyẹ́ tó bo ojú ọ̀run, ẹ jáde láàrin agogo 8 sí 10 alẹ́, nígbà tí kò bá sí òṣùpá. Ẹ kọjú sí àríwá, kí ẹ gbójú sókè dáadáa. Ẹ óò rí i bí èéfín funfun kékeré.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí gáàsì fi ń kọlu ara wọn, tí ìràwọ̀ kì í sì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀?