Súyà Àná Tí A Fi Jẹ Ẹ̀kọ Ní Òwúrọ̀

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n gbé ọmọ mẹ́ta, ọmọ ìyá kan náà, wá bá wa ní ilé ìwòsàn kékeré wa ní Ògbàgì-Àkókó níhìn-ín. Gbogbo wọn ni ó ń bì, inú sì ń run wọ́n. Èyí tí ó kéré jù, ọmọ ọdún méjì, ti yàgbẹ́ olómi títí ojú rẹ̀ fi jìn wọnú. Nígbà tí mo fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, awọ náà kò tètè padà. Mo bi ìyá wọn léèrè ohun tí wọ́n jẹ. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀kọ lásán ni mo fún wọn." Mo ní kí ni wọ́n fi jẹ ẹ̀kọ náà. Ìgbà náà ni ó tó rántí pé bàbá wọn ti òde ìgbéyàwó bọ̀ láti Ìkàrẹ́ ní alẹ́ àná, ó ra súyà dání, àwọn àgbà jẹ nínú rẹ̀, èyí tí ó ṣẹ́kù sì sùn sórí tábìlì nínú ọ̀rá. Ó ní òun gbé e kaná dáadáa kí òun tó pín in fún àwọn ọmọ.

"Òun gbé e kaná dáadáa." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi kọ ìwé ti ọ̀sẹ̀ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ ba ọjà àwọn onísúyà jẹ́ o. Èmi náà a máa jẹ ẹ́. Kò sì sí ibi tí ènìyàn kì í ti í sun ẹran báyìí. Àwọn ará Afghanistan pàápàá ní tiwọn, tí wọ́n ń pè ní kebab, wọn a to ẹran àgùntàn sórí irin gígùn, wọn a sun ún lórí èédú, wọn a sì fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ jẹ ẹ́. Àwọn Hausa ni ó mú tiwa wá láti òkè ọya, títí ó fi di pé kò sí ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kì í rí iná onísúyà lẹ́bàá títì ní alẹ́. Ẹni tí kò ní owó ilé oúnjẹ ńlá a lè ra igi kan tàbí méjì, kí ó sì jẹ ẹran tí ó dùn.

Bí wọ́n ti ń ṣe é gan-an ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Onísúyà a gé ẹran málúù ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a fi gún igi tẹ́ẹ́rẹ́, a sì fi yájì pa á lára. Kúlíkúlí gígún, ata, ata ilẹ̀, kànáfùrù àti iyọ̀ ni ó sábà máa ń wà nínú yájì náà. Lẹ́yìn èyí ni yóò wọ́n òróró ẹ̀pà sí i, tí yóò sì gbé e sí iná. Ẹran tí a gé fẹ́lẹ́ báyìí dára púpọ̀, nítorí iná tètè dé inú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí inú oúnjẹ tí a ń sè gbóná tó ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ kòkòrò àìfojúrí ti ń kú. Súyà tí ó jinná tó bẹ́ẹ̀, tí kò ní pupa nínú mọ́, tí ó sì ti ojú iná bọ́ sí ẹnu, kì í sábà dá ènìyàn dùbúlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ dúró lẹ́bàá onísúyà kí ẹ wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti yan ẹran náà dé ìdajì ní ọ̀sán, kí oníbàárà má bàa dúró pẹ́ ní alẹ́. Ẹran tí kò jinná tán yìí yóò wà níbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, eruku títì ń bà lé e, eṣinṣin náà ń bà lé e. Nígbà tí ẹ bá dé, yóò gbé e kaná ní ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò fi ọ̀bẹ tí ó fi gé ẹran tútù gé e lórí pátákó kan náà, yóò gba owó, yóò fún yín ní ṣéńjì, ọwọ́ yẹn kan náà ni yóò sì fi bu àlùbọ́sà sí i. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé e. (Mo mọ̀ pé ewé ìwé tí ẹ ń kà yìí pàápàá lè di ìwé súyà ní ọ̀la. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kan ẹran yín. Tàdáwà kì í ṣe oúnjẹ, ọ̀rá ẹran gbígbóná sì máa ń fà á mọ́ra.)

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Láàárín ìwọ̀n 5 sí 60 Celsius ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i nínú oúnjẹ, ooru ilé wa sì wà láàárín méjèèjì. Bí ibẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ẹyọ 1 lè di 2 láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Láàárín wákàtí 1 yóò di 8, ní wákàtí 2 yóò di 64. Bí a bá gbé ẹran sílẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí aago márùn-ún òwúrọ̀ yóò bá fi lù, ẹyọ kan ṣoṣo náà lè ti ju mílíọ̀nù 2 lọ.

Ṣé kì í ṣe pé iná yóò pa gbogbo wọn? Ibi tí ọ̀pọ̀ ìyá ilé ti ń ṣìnà nìyí. Kòkòrò kan wà tí ń jẹ́ Staphylococcus, tí ó ń gbé inú ihò imú ènìyàn, tí ó sì pọ̀ nínú eéwo àti ọgbẹ́ ìka. Bí ó bá ti ọwọ́ bọ́ sínú ẹran, tí ó sì rí àyè pọ̀ sí i, a máa tu májèlé sínú rẹ̀. Iná ń pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n kì í pa májèlé tí ó ti tu sílẹ̀. Bí a bá pa ejò lẹ́yìn tí ó ti buni ṣán, oró rẹ̀ ṣì wà lára. Èébì rẹ̀ kì í pẹ́ dé, a máa bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá jẹun, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Nítorí náà, ẹ ra ìwọ̀n tí ẹ óò jẹ tán. Ẹ sọ fún onísúyà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Mállàmù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà sórí iná kí ó jinná sí i." Kò ní bínú. Ẹ mú abọ́ tí ó ní ìdérí lọ, kí ẹ sì gé àlùbọ́sà àti tòmátì yín nílé lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ wọ́n. Bí ó bá ṣẹ́kù, kí ó wọ inú fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé. Ṣùgbọ́n fíríìjì tí iná mànàmáná rẹ̀ lọ láti alẹ́ kò yàtọ̀ sí kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí tí ó bá sùn sínú irú rẹ̀, ẹ dà á nù, bí ó tilẹ̀ dunni.

Ẹran tí kò jinná tún lè fún ènìyàn ní aràn pẹlẹbẹ tí ó lè gùn ju mítà 5 lọ nínú ìfun. Láti ara ìgbẹ́ ènìyàn tí ó wà lórí koríko ni málúù ti ń kó o, nítorí náà ẹni tí ń yàgbẹ́ sí igbó wà nínú ẹ̀bi náà. Kí aboyún má ṣe jẹ èyí tí ó ṣì ní pupa nínú rárá. Ẹran málúù tí ó ṣàìsàn kú ńkọ́? Ẹ rántí pé ní oṣù keje ọdún 2023 ni a kéde àìsàn anthrax lára ẹran ọ̀sìn ní Ìpínlẹ̀ Niger. Sísun kì í tó láti pa irúgbìn àìsàn náà. Ẹran tí wolé-wolé ẹran ti yẹ̀ wò ní ibi ìpẹran nìkan ni ó yẹ ní títà.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kí ó gbọn yájì dànù kúrò lára tirẹ̀, nítorí iyọ̀ tí ó yẹ kí àgbàlagbà jẹ ní ọjọ́ kan, nínú gbogbo oúnjẹ rẹ̀ pọ̀, kò pé gíráàmù 5, ìyẹn bí ṣíbí tíì 1. Ọmọ tí ẹ̀pà máa ń mú ara rẹ̀ wú kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan án, nítorí kúlíkúlí. Ibi tí ó bá sì ti jóná dúdú, ẹ gé e sọnù.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ilé ìwòsàn kí ẹ tó fún ọmọ ní omi. Ẹ po ORS bí wọ́n ti kọ ọ́ sára rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ fi ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, sínú omi mímọ́ lítà 1, kí ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí omi kò dúró nínú rẹ̀, tí ó ń sùn lọ, tàbí tí kò tọ̀ fún wákàtí 6, ẹ gbé e wá kíákíá.

Àwọn ẹ̀gbọ́n méjèèjì lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àbúrò ni a fi ṣíbí bu omi sí lẹ́nu títí ilẹ̀ fi ṣú, ìyá rẹ̀ kò sì gbé ojú kúrò lára nápìkìn rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó pè mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ó ti tọ̀ o!"