Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ONÍMỌ́TÒ: Ẹ YẸ Ọ̀NÀ ÈÉMÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ WÒ KÍ Ẹ TÓ RA SẸ́ŃSỌ̀



Ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí a fi ń kó iṣu lọ sí ọjà bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Bí ó bá dúró sójú kan, ohùn rẹ̀ a ròkè, a tún sọ̀kalẹ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ iná fún un, a lọ́ra bí ẹni tí oorun ń kùn. Iná kékeré alámì ẹ́ńjìnnì tàn níwájú awakọ̀. Mẹkáníìkì kan ní sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ ló bàjẹ́. Èmi ni mo gbà pé kí a fi owó iṣu ra òmíràn. Àìsàn náà kò lọ.

Ní òru ọjọ́ kan a gbé aláboyún tó ń rọbí sínú ọkọ̀ yìí, ó sì kú mọ́ wa lọ́wọ́ lórí òkè. Alùpùpù aládùúgbò la fi gbé obìnrin náà dé ilé ìwòsàn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, tìyá tọmọ yè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ la rí i pé rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì ti ya lábẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí

Bẹntiróòlù nìkan kò lè jó. Kílò 1 rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bíi kílò 14.7 afẹ́fẹ́ kí ó tó jó tán. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ oníkabúrétọ̀, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń fa epo. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn wọn, sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́yìn fíltà tó ń wọn afẹ́fẹ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ a sì fi ìròyìn rẹ̀ díwọ̀n epo.

Sẹ́ńsọ̀ yìí dà bí akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà àká, tó ń ka àpò àgbàdo tó ń wọlé. Bí àpò kan bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ìwé akọ̀wé kò ní bá ohun tó wà nínú àká mu. Síbẹ̀ akọ̀wé kò purọ́. Bí ẹ lé e lọ tí ẹ gba òmíràn, àṣìṣe náà yóò wà bẹ́ẹ̀. Ihò ara rọ́bà ni ẹ̀yìnkùlé náà.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

1. Fíltà. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí àpótí fíltà. Eruku ọyẹ́ a máa dí i kíákíá. Èkúté a sì máa tẹ́ ibùsùn síbẹ̀. Ẹ gbé fíltà sójú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á kọjá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi omi fọ fíltà oníwèé. Ẹ má sì wakọ̀ láìsí fíltà, nítorí iyanrìn yóò lọ inú ẹ́ńjìnnì bí ọlọ ti ń lọ ata.

2. Rọ́bà afẹ́fẹ́. Ẹ tẹ̀lé e láti fíltà dé ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yí i, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ àti kíláǹpù tó dè é. Ẹ wo àwọn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ ara ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú.

3. Etí. Ẹ ta ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fetí sí ìró “ṣíì.” Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí ibi tí ẹ fura sí, bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ ya. Kí omi má kan wáyà, kí ọwọ́ má sún mọ́ fáànù. Ẹ MÁ ṢE FI BẸNTIRÓÒLÙ DÁN AN WÒ. Iná lè sọ, kí ó jó ọkọ̀ àti ènìyàn.

4. Wáyà. Ẹ wò bóyá èkúté ti gé e jẹ, tàbí orí rẹ̀ ti tú lára sẹ́ńsọ̀.

5. Sẹ́ńsọ̀. Òun ló kẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, wáyà tín-ín-rín kan wà tí iná mànàmáná ń mú gbóná. Bí eruku bá bò ó, kì í ka afẹ́fẹ́ pé. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ fọ́n oògùn tí a ṣe fún un sí i, kí ó sì gbẹ dáadáa. Ẹ má fi ìka, àkísà tàbí bẹntiróòlù kàn án.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, kí mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò ka nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Nọ́ńbà náà ń sọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí wá a. Kò pàṣẹ pé kí a ra nǹkan.

Àtúnṣe tiwa kò ju rọ́bà 1 àti kíláǹpù 2 lọ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nílé

1. Kí ló dé tí sẹ́ńsọ̀ tuntun kò fi wo ọkọ̀ wa sàn?
2. Kí ni a kò gbọdọ̀ fi wá ibi tó ya?
3. Nígbà wo ni ẹ yẹ fíltà ọkọ̀ yín wò kẹ́yìn?